Bó Ṣe Máa Ń Rí Náà Ni: Bí A Ṣe Ń Wọn Àlàáfíà Ọkàn

  

Ẹ bá mi fojú inú wo obìnrin kan. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní ilé ìwòsàn kan n'Íbàdàn, káàdì rẹ̀ wà lọ́wọ́, ó ń dúró de dókítà. Ẹ̀fọ́rí ló gbé e wá. Ó ti lo oògùn ẹ̀fọ́rí títí, kò gbọ́. Nọ́ọ̀sì kan tí kò ju ọmọ rẹ̀ lọ mú ìwé pélébé kan wá bá a, ó kúnlẹ̀ kí i, ó ní, "Ẹ má bínú mà, ìbéèrè díẹ̀ ni mo fẹ́ bi yín kí ẹ tó wọlé." Ó wá bi í pé láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, ṣé àníyàn kì í gba oorun mọ́ ọn lójú? Obìnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó ní, "Bó ṣe máa ń rí náà ni, ọmọ mi."

Nọ́ọ̀sì fi bírò fa ìlà sí àyè kan nínú ìwé náà, wọ́n bọ́ sórí ìbéèrè tó kàn.

Ìlà kékeré yẹn ni mo fẹ́ ká jọ dúró lé lórí nírọ̀lẹ́ òní. Òdo ni. Ohun tí ìwé náà gbọ́ lẹ́nu obìnrin yìí ni pé kò sí nǹkan kan tó ṣe oorun rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ọdún kẹta rèé tí kò ti sùn wọra, láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Kò sì parọ́ fún nọ́ọ̀sì. Bó ṣe máa ń rí náà ni lóòótọ́.

Ìwé tí nọ́ọ̀sì mú lọ́wọ́ yẹn kì í ṣe ìwé lásán o. Oníṣègùn ọpọlọ kan ní London, David Goldberg, ló ṣe é, ọdún 1972 ló sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀. General Health Questionnaire lorúkọ rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ ìlera a máa gé e kúrú, wọ́n a ní GHQ. Ìbéèrè 60 ló wà nínú rẹ̀ nígbà tó kọ́kọ́ jáde, wọ́n wá ń dín in kù títí ó fi ku 12, oní-12 yìí ló sì gbòde. Goldberg rí i pé ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń lọ bá dókítà nítorí ẹ̀yìn ríro, inú rírun tàbí ẹ̀fọ́rí, ìdààmú ọkàn ló wà nídìí àìsàn wọn, dókítà kì í sì í fura. Ó fẹ́ ìwé tí aláìsàn lè fi ìṣẹ́jú mélòó kan dáhùn níta, kí dókítà tó rí i. Iṣẹ́ ńlá ló ṣe, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ̀rọ̀ mi bí ẹni pé mo ń bu ìwé náà kù. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fẹ́ mọ iye àwọn tí ìdààmú ọkàn ń bá jà láàrin àwọn tó ń wá sí ilé ìwòsàn gbogbogbòò, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ibùdó 15 ní orílẹ̀-èdè 14 ni wọ́n lò, Ìbàdàn wà níbẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ló darí ti ibẹ̀. Ìwé Goldberg yìí ni wọ́n sì fi yẹ àwọn ènìyàn wò kí wọ́n tó mọ àwọn tí wọn yóò bá jókòó pẹ́.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣírò. Ìdáhùn mẹ́rin ló wà lábẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ lórí nǹkan tí kò dára ni, bí àìlèsùn: rárá o, kò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó fi díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ gan-an. Méjì àkọ́kọ́, òdo. Méjì tó kẹ́yìn, oókan. Kò lè ju 12 lọ lápapọ̀. Ohun tó yí padà ni ìwé yìí ń wá kiri. Ẹni tí wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́ lóṣù tó kọjá, tí ọkàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dàrú, kíá ni yóò mú un. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìbànújẹ́ ti bá gbé títí tó fi di ara ilé ńkọ́? Tí a bá bi í bóyá nǹkan yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, kí ni yóò sọ? Ìbànújẹ́ ọ̀hún gan-an ni ti tẹ́lẹ̀ rẹ̀.

Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí rí àlébù náà. Lọ́dún 1985, àwọn onímọ̀ méjì kan, Goodchild àti Duncan-Jones, dá a lábàá pé lórí àwọn ìbéèrè tó jẹ́ ti nǹkan búburú, kí wọ́n máa ka "kò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ" sí oókan. Àbá tó mọ́gbọ́n dání ni. Síbẹ̀, títí dòní, òdo ni ó ń jẹ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bó bá jẹ́ èmi ni mo jókòó ti obìnrin wa, mi ò tilẹ̀ ní bèèrè ti tẹ́lẹ̀ rárá. Mà á ní, "Mà, ìgbà wo lẹ sùn dáadáa gbẹ̀yìn?" Ẹ óò rí i bí ojú rẹ̀ yóò ṣe yí padà.

Ó dáa. Ká ní ìwé náà mú un, a mọ̀ pé ìdààmú wà. Ìdajì ọ̀rọ̀ ṣì ni, torí ibi tó ń dunni nìkan ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n bèèrè.

Nígbà tí wọ́n ń dá Àjọ Ìlera Àgbáyé sílẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sínú òfin rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1948, pé ìlera ju kí àìsàn má ṣe ènìyàn lọ; ó gbọ́dọ̀ dáa fún un lára, lọ́kàn, àti láàrin àwọn ènìyàn. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ kà á, ìkíni wa ló wá sí mi lọ́kàn. Ta ló ń pàdé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà tó ń bi í pé, "Ṣé àìsàn kankan ò ṣe ọ́?" Ohun tí à ń sọ ni, "Ṣé àlàáfíà ni? Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́?" Èdè Lárúbáwá ni ọ̀rọ̀ náà, àlàáfíà, ti bá wa wá, ṣùgbọ́n a ti gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ilé wà nínú rẹ̀, ọmọ wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ wà nínú rẹ̀.

Onímọ̀ kan l'Ámẹ́ríkà, Corey Keyes, sọ ọ̀rọ̀ kan lọ́dún 2002 tó tún ojú ìwòye àwọn oníṣẹ́ ìlera ṣe. Ó ní ẹ má ṣe rò pé àìsàn ọpọlọ wà ní ìpẹ̀kun ọ̀pá kan, kí àlàáfíà ọkàn wá wà ní ìpẹ̀kun kejì. Ọ̀pá méjì ni. Lóòótọ́, bí ọ̀kan bá ń lọ sókè, èkejì sábà máa ń wálẹ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn lè wà lókè lórí méjèèjì, ó sì lè wà nísàlẹ̀ lórí méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí n fi àwọn méjì ṣàpẹẹrẹ. Ẹni àkọ́kọ́, télọ̀ ni. Àìsàn ọpọlọ tó máa ń jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́ ti ń bá a fà á láti ìgbà èwe. Ó ń gba abẹ́rẹ́ lóṣooṣù, ó sì ṣì máa ń gbọ́ ohùn náà nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ó ní ọmọ iṣẹ́ méjì, ó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, bí ó bá sì ti gbé aṣọ ẹbí àwọn ènìyàn síwájú, kò ní dìde títí tó fi máa gé e tán. Ẹnì kejì ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Kò sí oògùn kankan tó ń lò. Ẹ fún un ní ìwé Goldberg, ó lè má gbà ju oókan lọ. Kò banú jẹ́, ẹ̀rù ò bà á. Ó kàn ń jí, ó ń lọ, ó ń bọ̀ ni. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí nǹkan kan ti wù ú gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá ń wá àìsàn nìkan yóò ní télọ̀ ló ń ṣàìsàn, ti òṣìṣẹ́ ìjọba yìí dáa. Ṣé ti òṣìṣẹ́ yìí dáa lóòótọ́?

Òṣùwọ̀n kan wà fún ìyẹn. Ẹ̀yin tí bírò wà nítòsí yín, ẹ lè bá mi kọ ọ́. WHO-5 lorúkọ rẹ̀, ọdún 1998 ló jáde lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé. Márùn-ún péré ni. Ẹ ro ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Inú mi dùn, ara mi yá gágá. Ọkàn mi balẹ̀, ara tù mí. Mo lókun, mo já fáfá. Mo jí láàárọ̀, mo mọ̀ pé mo ti sinmi. Ohun tí mò ń ṣe lójoojúmọ́ kún fún nǹkan tó ń wù mí. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà, 5 ni; ọ̀pọ̀ ìgbà, 4; ó ju ìdajì àkókò náà lọ, 3; kò tó ìdajì, 2; lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, 1; rárá, òdo. Ẹ rò ó pọ̀, ẹ fi 4 ṣe ìlọ́po rẹ̀. 100 ni ó pé. Bí tiyín kò bá tó 50, kò túmọ̀ sí pé àìsàn kan ń ṣe yín o, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi nọ́ńbà yìí sọ yín lórúkọ. Ó kàn ní kí ẹ lọ bá ẹni tó mọ iṣẹ́ náà sọ̀rọ̀, kí ó lè wádìí bóyá ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ló wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fún àwọn méjì wa. Télọ̀ mú 4, 3, 3, 4, ó mú 5 lórí èyí tó kẹ́yìn: 19 nìyẹn, ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 76. Òṣìṣẹ́ ìjọba mú 2, 3, 3, 2, àti 1. Ìyẹn 11. Ó gba 44. Ẹni tí ìwé àkọ́kọ́ ní kó máa lọ sílé ni ìwé kejì ní kó padà wá. Obìnrin tó wà lórí bẹ́ǹṣì ńkọ́? 1, 2, 2, òdo lórí jíjí láàárọ̀, 1. Ìyẹn 6. Ó gba 24. Ẹ sì kíyè sí i pé kò sí "ti tẹ́lẹ̀" níbẹ̀. Wọn ò bi í bóyá ó yàtọ̀ sí ti àná. Wọ́n bi í bóyá ó sinmi.

Òmíràn tún wà, ti àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Warwick àti ti Edinburgh. Gbólóhùn 14 ni, ọdún 2007 ni wọ́n tẹ ìwádìí tó gbé e jáde. Rere ni gbogbo wọn: bóyá ò ń rí ara rẹ bí ẹni tó wúlò, bóyá o sún mọ́ àwọn ènìyàn, bóyá o ń ronú já gaara. Ó bẹ̀rẹ̀ láti 14, ó parí sí 70. Gbogbo aráàlú ni wọ́n tìtorí wọn ṣe é, àwọn kan sì ń bẹ̀rù pé bóyá kò yẹ kí wọ́n gbé e síwájú ẹni tó ń gba ìtọ́jú ọpọlọ, kí ó má baà dà bí ẹni pé wọ́n ń fi í ṣẹ̀sín. Èmi ò gbà. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti ṣàìsàn rí mọ ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi òun ju orúkọ rẹ̀ lọ. Ṣé o lo oògùn rẹ? Ṣé o ṣì ń gbọ́ ohùn? Ṣé o sùn? Ìbéèrè tó dáa ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ta ló bi í bóyá ó rẹ́rìn-ín lọ́sẹ̀ yìí? Ta ló bi í bóyá ó ní ọ̀rẹ́? Bí a bá wọn ìdààmú rẹ̀ nìkan, tí ìdààmú náà sì dín kù, a ó ní iṣẹ́ wa ti parí, a ó sì fi í sílẹ̀ nínú yàrá níbi tí kò ti dààmú, tí kò sì ní ẹnikẹ́ni.

Ọmọ wa kan ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun tí mò ń fi ẹnu sọ yìí. Thomas Adeoye Lambo, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, tí wọ́n bí lọ́dún 1923, òun lọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó kọ́ iṣẹ́ oníṣègùn ọpọlọ lọ́dọ̀ àwọn Òyìnbó. Ó padà wálé, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Aró, l'Ábẹ́òkúta, lọ́dún 1954. Nígbà yẹn, ohun tí wọ́n mọ̀ ni kí wọ́n ti irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ mọ́lé. Lambo lọ bá àwọn abúlé tó yí Aró ká sọ̀rọ̀, kí àwọn ará abúlé gba aláìsàn sílé, òun àti ẹbí kan tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Ní òwúrọ̀, aláìsàn yóò wá gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn. Tó bá ṣe díẹ̀, yóò padà sí abúlé, yóò bá wọn lọ sóko, yóò bá wọn jẹun, yóò bá wọn dé ibi ìnáwó. Oògùn wà, iná mànàmáná tí wọ́n fi ń tọ́jú ọpọlọ náà wà, àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sì wà níbẹ̀ tí Lambo ń bá wọn fikùn lukùn. Àìsàn ń gba ìtọ́jú lọ́wọ́ kan, àlàáfíà ń gba ìtọ́jú lọ́wọ́ kejì, lọ́jọ́ kan náà. Nígbà tó yá, ó di igbákejì olùdarí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Lọ́dún 1961, òun àti Alexander Leighton tó wá láti Yunifásítì Cornell l'Ámẹ́ríkà kó àwọn oníwàádìí jọ, wọ́n wọ àwọn abúlé Ẹ̀gbá, wọ́n ń bi àwọn ènìyàn ní ìbéèrè nípa ara àti ọkàn wọn. Wọn ò fi mọ sí kí wọ́n ka aláìsàn. Wọ́n tún wo abúlé fúnra rẹ̀, bóyá àwọn ènìyàn ibẹ̀ ṣì wà ní ìṣọ̀kan tàbí abúlé ti tú. Ìwé wọn jáde lọ́dún 1963.

Bí a bá wá ní ká wọn ọkàn ọmọ Yorùbá, èdè wo la ó fi wọ̀n ọ́n? Ẹ rántí pé ẹ̀fọ́rí ló gbé obìnrin wa wá. Lọ́dún 1960, Raymond Prince, ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Aró, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń wá bá a pé orí àwọn ń gbóná, ojú ń ṣú àwọn, ìwé ò wọlé mọ́. Wọn ò sọ pé inú àwọn bàjẹ́. Lọ́dún 1982, Peter Ebigbo ní Enugu ṣe òṣùwọ̀n oníbéèrè 65 tó jẹ́ pé ohun tí ń ṣe orí àti ara nìkan ló ń bèèrè: ooru, bí ẹni pé kòkòrò ń rìn lára, ìwúwo. Ó ti gbọ́ ohun tí àwọn aláìsàn ń sọ, ó sì fi ọ̀rọ̀ wọn ṣe ìwé. Àwọn ará Zimbabwe náà ṣe bẹ́ẹ̀. "Kufungisisa" ni àwọn Shona ń pe ìdààmú ọkàn, ìyẹn ni kí ènìyàn máa rò ó jù. Wọ́n fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n oníbéèrè 14. Oníṣègùn ọpọlọ kan, Dixon Chibanda, wá gbé bẹ́ǹṣì sí ìta àwọn ilé ìwòsàn ní Harare láti ọdún 2006, ó kọ́ àwọn ìyá àgbà bí wọn yóò ṣe jókòó ti ènìyàn, tí wọn yóò gbọ́ ọ, tí wọn yóò bá a wá ọ̀nà àbáyọ sí ìṣòro kan lẹ́ẹ̀kan. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2016 lórí ènìyàn 573 fi hàn pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìdààmú àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì náà dín kù ju ti àwọn yòókù lọ. Àwa náà ní ọ̀rọ̀ náà nílé. Àròkàn ni. Ẹ bi obìnrin wa pé, "Mà, ṣé àròkàn ń bá yín jà?" Kò ní dá yín lóhùn pé bó ṣe máa ń rí náà ni.

Ibì kan wà tó le ju ìyẹn lọ. Ọ̀kan nínú àwọn gbólóhùn 14 ti Warwick àti Edinburgh yẹn dá lórí ìrètí, bóyá ọkàn rẹ balẹ̀ nípa ọjọ́ iwájú. Ẹ lọ bi àgbàlagbà Yorùbá kan. "Á dáa, lágbára Ọlọ́run!" Kò sí bí ìyà ṣe lè jẹ ẹ́ tó, kò ní fẹnu ara rẹ̀ sọ pé kò ní dáa. Àdúrà lo gbọ́ yẹn. Bí o bá fi bírò fa ìlà sí 5, àdúrà lo wọ̀n. Bákan náà ni "a dúpẹ́". Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn kí á bi ènìyàn ní ohun tó ṣe ju ohun tó gbà gbọ́ lọ. Kí lo ṣe lánàá tó dùn mọ́ ọ nínú? Ta lo bá jẹun? Kò sí àdúrà tó lè dáhùn ìyẹn.

Kí n sọ ọ̀kan tí mi ò gbọdọ̀ gbàgbé. Nínú òṣùwọ̀n ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn oníbéèrè 9 tí wọ́n ń pè ní PHQ-9, ìbéèrè tó kẹ́yìn dá lórí bóyá ó ti ń ṣe ènìyàn bí ẹni pé ó sàn kí òun kú, tàbí kí òun ṣe ara òun léṣe. Níbẹ̀, kò sí ìṣirò. Ohunkóhun tó bá ju òdo lọ, ẹni tó ń bèèrè gbọ́dọ̀ gbé ìwé sílẹ̀ kó bá ẹni náà sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ ìwọ tí ò ń gbọ́ mi yìí ni, má ṣe dá sùn lálẹ́ òní. Sọ fún ẹnì kan nínú ilé, kí ó mú ọ lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín jù. Wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ ní Aró, ní UCH n'Íbàdàn, ní Yábàá l'Ékòó, àti ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn.

Obìnrin tó wà lórí bẹ́ǹṣì ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fún un ní oṣù mẹ́fà. Ó rí dókítà, ó rí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, oorun ti ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Nọ́ọ̀sì tún gbé ìwé dé, WHO-5 ni lọ́tẹ̀ yìí, ó kúnlẹ̀, wọ́n dé ibi ìkarùn-ún, ti nǹkan tó ń wu ènìyàn lójoojúmọ́. Aṣọ ni obìnrin yìí ń tà kí ọkọ rẹ̀ tó kú, ó sì ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa láti ìgbà náà. Ó ronú díẹ̀. Ó ní, "Mo lọ sí ọjà Gbági lánàá. Mo ra àǹkárá méjì. Mi ò tíì mọ ẹni tí mo máa tà á fún." Nọ́ọ̀sì bi í pé, "Ṣé ó ju ìdajì àkókò náà lọ, mà?" Ó ní, "Fi síbẹ̀ bẹ́ẹ̀." Nọ́ọ̀sì fa ìlà sí 3. Ẹ̀fọ́rí náà ṣì máa ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.